Ajá Ilé Tí Àìsàn Rẹ̀ Kò Gbóògùn: Ìgbà Wo Ni Kí A Jẹ́ Kí Ó Lọ?

Oúnjẹ ọmọdé, ìtọ́jú aṣọ àti ọ̀nà tí a lè gbà ṣọ́ owó oúnjẹ ná ni a sábà máa ń jíròrò lé lórí ní ojú ewé yìí. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ajá ni mo mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ẹ̀rín. Ìwé kan ni ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Àpòmù, ohun tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ó kọ ọ́ sì béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àgbẹ̀ oníkòkó ni ọkọ rẹ̀, a sì máa ṣọdẹ pẹ̀lú. Ó di ọdún kọkànlá tí abo ajá kan ti wà nínú ilé náà. Ìyàwó bá a níbẹ̀ ni. Ajá yìí ni ó ń tẹ̀ lé baálé ilé lọ sí oko, òun ni ó ń ṣọ́ kòkó tí wọ́n bá sá sí iwájú ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni àkọ́bí wọn dì mú nígbà tí ó ń kọ́ ìrìn. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, kókó kan yọ ní ìdí ọmú rẹ̀. Kókó náà dàgbà, ó bẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dókítà ẹranko tí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé àrùn jẹjẹrẹ ni, pé ó ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró, àti pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n mú un lọ sí ọ̀nà oko kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan ládùúgbò ti wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ta ajá náà fún òun kí ó tó rù tán. Baálé ilé kò sọ nǹkan kan. Àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sì ń gbé ẹní lọ sùn tì í lálaalẹ́. Ìbéèrè ìyá yìí kò gùn: ṣé kí òun máa tọ́jú ajá náà títí yóò fi kú fúnra rẹ̀ ni, tàbí ọjọ́ kan wà tí ó yẹ kí òun sọ pé ó tó?

Fífi sílẹ̀ yàtọ̀ sí jíjẹ́ kí ó lọ

Ẹni tí ó bá mọ Àpòmù àti Ìkirè àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká mọ̀ pé ilẹ̀ igbó àti ilẹ̀ kòkó ni. Ní irú ibẹ̀, ajá kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, òṣìṣẹ́ ni. Òun ni í lé ọ̀yà jáde nínú igbó, òun ni í gbó mọ́ àlejò òru. Àwọn baba wa a tilẹ̀ máa fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ, tí ó fi jẹ́ pé bí onílé bá ń pe ajá, aládùúgbò a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹ̀dá tí ó bá wa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì sìn wá tó bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀tọ́ kan lọ́rùn wa ní ọjọ́ àìlera rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbà bí ajá bá di aláìsàn. Àwọn kan a lé e jáde. Àwọn kan a mú un lọ sí ọ̀nà oko. Àwọn mìíràn a tà á fún àwọn tí ń jẹ ẹran ajá. Nínú èyí àkọ́kọ́ àti èkejì, ebi, òùngbẹ, eṣinṣin àti ìdin ni yóò pa ẹran náà, kò sì ní í yá kankan. Ẹ̀kẹta ní ewu fún ènìyàn pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ pé àrùn dìgbòlugi ni ó wà lára ajá náà, itọ́ rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ lè ran ẹni tí ń pa á, pàápàá bí egbò bá wà lọ́wọ́ olúwarẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ wa ń wò wá. Ọmọ tí ó bá rí i pé a gbé òṣìṣẹ́ ilé sọnù nígbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan nípa àwa òbí àti nípa ọjọ́ ogbó.

Fífi sílẹ̀ ni mo pe àwọn ọ̀nà mẹ́ta wọ̀nyí. Jíjẹ́ kí ó lọ jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí ó fi sílẹ̀ yí ojú rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó jẹ́ kí ó lọ wà níbẹ̀ títí dé òpin.

Kí a kọ́kọ́ dá àìsàn mọ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ òpin, ẹ jẹ́ kí a rí i dájú pé òpin ni. Gbogbo kókó kọ́ ni ikú. Kókó kan wà tí ajá máa ń kó ran ara wọn nígbà gígùn, tí ó máa ń yọ ní ojú ara, tí ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ojú rẹ̀ burú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí dókítà ẹranko ń fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń wò ó sàn lọ́pọ̀ ìgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà tí eégbọn ń fà: ajá a dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ń kú lọ, ẹ̀jẹ̀ a gbẹ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn wà fún un bí a bá tètè gbé e lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu aládùúgbò kò tó. Ẹ béèrè dókítà ẹranko ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Àpòmù lè gba ọ̀nà Ìkirè lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà.

Àìsàn kan ṣoṣo wà tí n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti tọ́jú nílé rárá, dìgbòlugi ni. Bí ìwà ajá bá yí padà lójijì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jabọ́, tí kò lè gbé omi mì, tí ó sì ń bu ohun gbogbo jẹ, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni àrùn yìí ń pa káàkiri ayé lọ́dọọdún, àti pé bí 40 nínú 100 àwọn tí ajá tí a fura sí ń bù jẹ ni kò tí ì pé ọdún 15. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìtọ́jú nínú ilé

Bí dókítà bá ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé àìsàn náà kò gbóògùn, iṣẹ́ wa yí padà. A kò wá ìwòsàn mọ́. Ìrọ̀rùn ni a ń wá.

Ẹ tẹ́ ìbùsùn fún un sí ibi tí ó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí oòrùn kò sì bá. Ògbólógbòó ìró tí a ṣẹ́ po dára fún èyí, nítorí ó ṣeé fọ̀. Bí ajá kò bá lè yí ara rẹ̀ padà mọ́, ẹ máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ìdùbúlẹ̀ ojú kan má baà dá egbò sí i lára. Ẹ gbé omi sínú àwo pẹrẹsẹ sí ìtòsí ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́ ni kí ó jẹ́: ẹ̀kọ tí a pò mọ́ ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú ẹyin sísè, tàbí omi ẹran tí kò ní ata. Kí oúnjẹ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òórùn rẹ̀ lè fà á mọ́ra. Ẹ má ṣe fi àlùbọ́sà sí i, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fún un ní eegun adìyẹ sísè, tí í máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó tí ó sì lè gún un nínú.

Egbò ni ó le jù. Ẹ se omi, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kékeré kan sí ìdajì lítà rẹ̀, kí ẹ sì fi ṣan egbò náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ wọ ọ̀rá sọ́wọ́ kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ sì fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú egbò kí eṣinṣin má baà yé sí i. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì, bẹntiróòlù tàbí Izal sí i. Oró ni wọ́n ń dá kún oró. Bí ìdin bá ti wọ inú rẹ̀, dókítà ni kí ẹ ké sí.

Ẹ fetí sí èyí dáradára: ẹ má ṣe fún ajá ní oògùn ara-ríro tí ènìyàn ń lò. Ibuprofen lè dá egbò sí ikùn rẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù náà lè ṣe é ní jàǹbá. Oògùn ara-ríro ti ajá wà lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ìwọ̀n tí ó bá kọ sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí a ṣe lè mọ ìgbà

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ajá kì í sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fi ìrora pamọ́. Kì í ṣe ìgbà tí ó bá ń ké nìkan ni ara ń ro ó. Ajá tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ kankan, tí kò rí ibi tí yóò fi ara lé, tí ó ń lọ fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀, tí kò sì dìde kí ẹni tí ó fẹ́ràn mọ́, ń sọ fún wa pé nǹkan kò dára.

Ní ọdún 2004, obìnrin kan tí ó jẹ́ dókítà ẹranko ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí ó wúlò púpọ̀ fún irú ọ̀ràn yìí. Ohun méje ni ó ní kí a máa wò: ìrora pẹ̀lú bí ó ṣe ń mí, bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń mumi, ìmọ́tótó ara rẹ̀, ìdùnnú rẹ̀, bí ó ṣe lè rìn tó, àti bóyá ọjọ́ rere rẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ burúkú lọ. A ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti orí òdo títí dé 10, èyí tí ó bá dára jù ni yóò gba 10. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 35 lọ, a lè máa bá ìtọ́jú lọ. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ronú òpin.

Ẹ jẹ́ kí a fi ajá Àpòmù yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá náà kọ ọ́ pé ó ń kùn bí wọ́n bá kan egbò rẹ̀: ẹ fún ìrora ní 4. Ó ń jẹun bí wọ́n bá fi ọwọ́ fún un: 5. Ó ń mumi fúnra rẹ̀: 7. Egbò ń rùn: 3. Ó ṣì ń ju ìrù bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé: 7. Ó ń rìn dé iwájú ilé, ṣùgbọ́n kò lè dé oko mọ́: 5. Ọjọ́ rere àti ọjọ́ burúkú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36. Ìdáhùn mi sí i ni pé kò tí ì tó, ṣùgbọ́n kò jìnnà mọ́. Ẹ lo àkókò tí ó kù láti múra sílẹ̀.

Ọ̀nà ìmúrasílẹ̀ rọrùn. Ẹ fi kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Ní alaalẹ́, ẹ fi bírò aláwọ̀ aró sàmì sí ọjọ́ rere, kí ẹ fi pupa sàmì sí ọjọ́ burúkú. Ẹ tún kọ ohun mẹ́ta tí ajá náà fẹ́ràn jù sílẹ̀, bíi kí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, kí ó jẹ ẹja, kí ó pàdé ọmọ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé bí pupa bá ju aró lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan, tàbí bí méjì nínú ohun mẹ́ta náà bá ti lọ, kí ẹ dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè mí dáradára, tàbí bí oògùn kò bá ka ìrora mọ́, ẹ má ṣe dúró de kàlẹ́ńdà.

Ohun tí kàlẹ́ńdà náà ń ṣe ni pé ó ń gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ṣì í. Òórùn àti iṣẹ́ lè sú wa kí ó tó sú ajá. A ó sì yá jù. Ọkàn wa sì lè má gbà. A ó máa sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la, ẹran yóò sì máa jẹ̀rora nítorí ìfẹ́ tiwa. Èyí kejì ni mo ti rí jù láàrin àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ẹran wọn.

Èyí kò sọ pé agbára yín kò ní ìwọ̀n. Ẹ kò gbọdọ̀ ná owó ilé ìwé ọmọ lórí àìsàn tí kò ní í sàn. Bí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò ràn yín lọ́wọ́ láti máa yí ajá padà lóru, ìyẹn náà wà lára ohun tí ẹ ó gbé lé ìwọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá ọkọ, baálé ilé àti ìgbàgbọ́ wa

Ìyá ọkọ kì í ṣe ọ̀tá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà èwe wọn, dókítà ẹranko ṣọ̀wọ́n, ọ̀nà oko ni ó sì wà. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ ṣàlàyé pé ẹ ti rí ọ̀nà kan tí ìyà rẹ̀ kéré. Ní ti baálé ilé tí kò sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀ràn náà dùn ún ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fún un ní bírò lálẹ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí kàlẹ́ńdà. Tirẹ̀ ni ajá. Ìpinnu náà kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé Ọlọ́run ni ó ń fúnni ní ẹ̀mí, òun nìkan ni ó sì lè gbà á. N kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìwé Òwe nínú Bíbélì, orí 12, ẹsẹ 10, fi ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ṣe àmì olódodo. Nínú àwọn hádíìsì pẹ̀lú, a rí ìtàn ẹni tí Ọlọ́run dárí jì nítorí pé ó bu omi fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Àánú ni àwọn méjèèjì ń kọ́ wa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà kí a fún ẹran ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn lè béèrè oògùn ìrora títí dé òpin. Ohun tí kò sí ẹ̀sìn tí ó fi ọwọ́ sí ni kí a jókòó máa wò ó nínú oró láìṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ náà

Dókítà yóò kọ́kọ́ fún ajá ní oògùn tí yóò mú ara rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, yóò fi oògùn akunnilóorun tí ó pọ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ajá yóò sùn lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ọkàn rẹ̀ yóò sì dúró láìpẹ́. Ojú rẹ̀ lè wà ní ṣíṣí, ó sì lè tún mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí kí ó tọ̀ sára. Kò mọ nǹkan kan mọ́ nígbà náà. Ẹ má ṣe fi òtápiápiá tàbí oògùn kòkòrò oko dípò rẹ̀. Ikú oró gbáà ni, ó sì lè pa adìyẹ àti ọmọ ènìyàn pẹ̀lú.

Oògùn tí dókítà lò yóò wà nínú ẹran náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ajá mìíràn tàbí igún kò sì gbọdọ̀ tú u. Ẹ sin ín ní ibi tí ó jìnnà sí kànga, kí kòtò náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ó kéré tán. Èyí náà ni ìdáhùn fún ọkùnrin tí ó fẹ́ rà á.

Ẹ má ṣe purọ́ fún ọmọ. Ẹ má ṣe sọ pé ajá lọ sí oko, nítorí yóò máa retí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣe sọ pé ó kàn sùn, kí òun náà má baà bẹ̀rù oorun. Ẹ sọ pé àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn, pé dókítà ràn án lọ́wọ́ kí ó lè kú láìjẹ̀rora, àti pé kì í ṣe ohun tí ọmọ ṣe ni ó fà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ èyí, ó sì lè sunkún. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún, kí ó sì bá baba rẹ̀ wa ilẹ̀ lé e lórí bí ó bá fẹ́.

Nígbà tí ọmọ ajá tuntun bá sì wọ ilé, ẹ gbà á ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́dọọdún. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ayé fi ń rántí àrùn náà, ọjọ́ náà sì dára láti fi rántí abẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ abo tí ẹ kò fẹ́ kí ó bímọ, ẹ jẹ́ kí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ; ewu jẹjẹrẹ ọmú a dín kù jọjọ fún irú ajá bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin mi ní Àpòmù, ẹ ra bírò pupa àti ti aró lọ́la. Ẹ mọ iye tí dókítà yóò gbà, kí ẹ sì fi owó náà pamọ́ láti ìsinsìnyí, kí ó má baà jẹ́ pé àìlówó ni yóò pinnu ọjọ́ fún yín. Ó dìgbà kan ná o.